Ìlà Ọ̀dà Kò Gba Màmá Oníkẹ̀kẹ́ Là

Ní ọdún 1951, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ni a bí olóògbé, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Màmá Oníkẹ̀kẹ́. Ajórin ni bàbá wọn, ìyá wọn sì ń fọṣọ nílé ìwòsàn. Bàbá yìí ló jó irin àlòkù pọ̀ di kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí Màmá gùn lọ sílé ìwé.

Màmá kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí yege. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn láti ilé dé ilé, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé ìsìnkú yìí lọ́wọ́, ọwọ́ wọn lẹ bọ́ sí. Ní 1977 wọ́n fẹ́ Bàbá Télọ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tí ẹ̀rù mọ́tò ń bà. Láràárọ̀ ni Bàbá máa ń dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, rọra o." Màmá á ní, "Ẹ tọ́jú abẹ́rẹ́ yín, kó má gún yín." Nínú ìjọ, ohùn wọn ló ga jù láàárín akọrin, akoto wọn á sì wà lábẹ́ àga.

Ohun tó ń bí ẹbí nínú nìyí. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ojú ọ̀nà fi ọ̀dà funfun fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Kíá, àwọn onímọ́tò ti ń gbọ́kọ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Màmá lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n rán òṣìṣẹ́ kan wá ka àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ó ní òun ò rí ẹnì kankan àfi màmá arúgbó kan. Wọ́n wá ní, ṣẹ́ ẹ rí i, kò sẹ́ni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Màmá ní, "Ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ síwájú táyà? Ẹ fi kọ́ńkéré dí mọ́tò ná, kẹ́ ẹ tó wá kà wá."

Nígbà tí etí wọn ò sinmi lọ́wọ́ Màmá, wọ́n mọ kọ́ńkéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà dé ẹnu géètì ilé ìwé. Háà! Ọmọ ilé ìwé gun kẹ̀kẹ́, ìyá ọlọ́mọ gùn ún. Bàbá Télọ̀ alára, pẹ̀lú ewú lórí, kọ́ ọ, Màmá ń di ìjókòó mú lẹ́yìn. Síbẹ̀ wọ́n kọ̀ láti mọ ọ́n síwájú, wọ́n ní àwọn onímọ́tò ò ní rí ibi gbọ́kọ̀ sí.

Ní oṣù tó kọjá, níbi tí kọ́ńkéré ti parí gan-an, ẹnì kan gbọ́kọ̀ sórí ìlà. Màmá yà fún un bọ́ sójú títì, tírélà sì gbá wọn. Bàbá Télọ̀ ló ń gun tiwọn bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ṣojú wọn.

Màmá fi ọkọ sáyé lọ, àti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí wọn ò tíì yé béèrè wọn.

Ọ́fíìsì fi òdòdó ránṣẹ́, wọ́n pè é ní jàǹbá. Irọ́ gbuu! A ti sọ fún wọn tipẹ́. Bàbá Télọ̀ gbé òdòdó náà lọ sórí ìlà funfun, níbi tí Màmá ṣubú sí. Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan ti gbọ́kọ̀ lé e lórí.

Màmá Oníkẹ̀kẹ́, ẹ sùn re o. Àwa tó kù kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn.