Ibùdókọ̀ Tí Bàbá Àlàní Kò Tíì Dé

Ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹwàá

Ojú ń tì mí. Èmi ni mo bẹ Bàbá Àlàní kí wọ́n wá sọ ìtàn rélùwéè kékeré yẹn fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń gba inú oko kọjá ẹnubodè títí dé ìlú Bàbá kí ìjọba tó pa á tì. Èmi náà ni mo tún dá wọn lẹ́kun.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fún wọn. Wọ́n wọ kóòtù wá. Wọ́n ń ka àwọn ibùdókọ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tó ń ta ẹ̀kọ níbí, ẹni tó ń ju àsíá lọ́hùn-ún. Èmi ń wo fóònù. Aago mẹ́rin la gbọ́dọ̀ kúrò nínú gbọ̀ngàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mọ síbẹ̀."

"Ó ku ibùdókọ̀ kan, ọmọ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ni gbogbo èèyàn bá bá mi pa á. Bàbá rọra jókòó.

Ìgbà tí a ń to àga ni ìyàwó wọn sọ fún mi pé, "Ìlú wọn ló kẹ́yìn. Bàbá tó bí wọn ló ń tan àtùpà ibẹ̀. Àtọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń fi í dánra wò níwájú dígí."

Nígbà tó yá, mo pe Bàbá lórí fóònù sílé wọn ní àdúgbò Thames View. Kí n tó lanu, àwọn ló ń bẹ̀ mí: "Má bínú, màdáámù alákòóso, ọ̀rọ̀ mi ló gùn."

Èmi tí mo kàwé lórí bí a ṣe ń darí èèyàn…

Tí mo bá ṣíwọ́ lọ́la, mo máa lọ bá wọn. Àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ò ní sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, aago mẹ́rin ṣì ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.