Nítorí Ṣọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Wa àti Ẹ̀yìn Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Gbogbo wa wà lálàáfíà nílé, àfi ẹ̀yìn ìyá rẹ. Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, a ti tún un ṣe. Àbúrò rẹ náà ti ríṣẹ́ olùkọ́, ó wá ń bá wa sọ̀rọ̀ nílé bí ẹni pé inú kíláàsì rẹ̀ la wà.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò rèé, jọ̀ọ́, fara balẹ̀ kà á. Owó tí o fi ránṣẹ́ pé kí n fi ra ṣọ́ọ̀kì líle, irin tó ń bá ọkọ̀ fara da kòtò, sí ọkọ̀ àtijọ́ wa, kó lè dúró gírí nílẹ̀ bíi tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe fáàrí ní ìgboro, mo ti ná an. Ṣùgbọ́n n kò ra líle. Má tíì bínú.

O mọ̀ pé láti ìgbà òjò ni ìyá rẹ ti ní òun ò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ó ní bí táyà bá ti kó sí kòtò, àfi bíi pé wọ́n fi ọmọ odó gún òun níbàdí. Mo ní kó máa fi ìrọ̀rí tì í, ó ní kí èmi lọ fi ìrọ̀rí náà sùn. Ẹsẹ̀ ló wá fi ń rìn lọ sọ́jà. Mo sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni èmi àti ìyá rẹ ti máa ń sọ̀rọ̀ ní tòótọ́. Nínú ilé, á sọ fún mi pé oúnjẹ ti délẹ̀, èmi náà á ní kó pa iná, ó parí. Ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ojú àwa méjèèjì kọ sí ọ̀nà, gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ ló ń sọ. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun ti lóyún rẹ. Láti ìgbà òjò yìí, n kò mọ ohun tó ń rò mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì wa, ẹni tí gbogbo abúlé ń pè ní Fẹ̀sọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó sókè sódò. Ó ní tí ṣọ́ọ̀kì bá dáa, ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó gbéra kó sì dúró jẹ́ẹ́. Ó ní líle dára fún títì ọlọ́dà tó jọ̀lọ̀ àti eré sísá, ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà tiwa, gbogbo òkúta ló máa kí ìdí ẹni tó jókòó. Rírọ̀ jù náà ò dáa, ọkọ̀ á máa fì. Ó ní kí n ra èyí tó wà láàárín, tó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rírọ̀.

Mo bá àwọn tó ń tà á sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí o rà fún mi. Ọmọbìnrin kan ló ń kọ èsì sí mi níbẹ̀, ọmọ náà mà láájò o! Kí n tó kọ nǹkan tán ló ti fèsì, ì báà jẹ́ lọ́sàn-án, ì báà jẹ́ lóru. Mo bi í bóyá wọ́n ń jẹ́ kó sùn, ó ní ìbéèrè mi kò yé òun, kí n tẹ ìkíní tàbí ìkejì. Mo ní kó bá mi kí àwọn òbí rẹ̀, ó tún ní kò yé òun. Àánú ṣe mí, mo rò pé bóyá kò lóbìí, ni mo bá tọrọ àforíjì, mo sì ṣàdúrà fún un. Ó wá bi mí pé ṣé ìrọ̀rùn ni mo fẹ́ àbí eré. Mo ṣàlàyé ẹ̀yìn ìyá rẹ fún un látòkè délẹ̀, ó ní kí n tẹ ìkíní. Nígbà tí a parí, wọ́n ní kí n fún un ní ìràwọ̀, láti ẹyọ kan dé márùn-ún. Ẹyọ kan ni mo fún un, mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú ìyókù di ìgbà tí ọjà bá dé, torí a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀.

Nígbà tí ọjà dé, mo gé okùn tí wọ́n fi di ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀kì náà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí i fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó jí tó ń nara. Mo kí i. Ìyá rẹ bi mí pé ta ni mò ń kí, mo fi hàn án, ló bá sá wọ yàrá. Fẹ̀sọ̀ ní afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe pé ó lẹ́mìí.

Ó ti dè wọ́n mọ́ ọkọ̀. Lánàá, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ tó pọ̀, ìyá rẹ wọlé, ó di ilẹ̀kùn mú gbágbá. A rìn díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ ni. Ó ní o kì í rẹ́rìn-ín lórí fóònù mọ́, ó ti ń dun òun tipẹ́, òun ò kàn rí ibi tí òun máa ti sọ ọ́ ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ la dé kòtò ńlá iwájú ilé ìwòsàn, èyí tó lé e kúrò nínú ọkọ̀. Mo rọra tẹ bíréèkì. A wọ inú rẹ̀, a jáde. Ìyá rẹ kò tilẹ̀ dánu dúró.

Nítorí náà, ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan? Ìyá rẹ ni kí o pè, kì í ṣe èmi. Bí ọwọ́ rẹ bá sì ṣí, fi owó róbà ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí wa, ti tẹ́lẹ̀ ti gbó. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá di tìrẹ, tú tèmi kúrò, kí o fi líle tó wù ọ́ sí i, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ léèrè. Ọlọ́run á fún ọ lẹ́ni náà, ọ̀rọ̀ ò sì ní tán láàárín yín títí ẹ ó fi délé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.