Ohun Tó Pa Olórùka Pupa

Yàrá Ẹ̀yìn,
Ilé Bàbá wa.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi àbíkẹ́yìn yín lọ́rùn sílẹ̀? Èmi náà wà láàyè. Bàbá ṣì wà lórí ibùsùn bí o ṣe fi wọ́n sílẹ̀; apá ọ̀tún kò tíì gbéra. Tí mo bá ń fi ṣíbí bọ́ wọn, wọ́n á bú mi pé oúnjẹ gbóná. Ẹnu nìkan ni àìsàn náà kò rí mú.

O rántí Olórùka Pupa, ẹyẹ tí a fi òrùka ike sí lẹ́sẹ̀ nínú ọgbà ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́? Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àgbà ẹyẹ ni, kò sì yé ẹyin rí. Ìdí ìtẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń gbé, àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń bọ́. Lọ́jọ́ kan mo kà á: láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ títí di ọ̀sán, ó gbé kòkòrò wá nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ gbé mọ́kànlá.

Ọ̀gá wa máa ń sọ pé ọgbọ́n ni. Wọ́n ní èyí tó bá jáde lọ wá ibi tirẹ̀, àṣá àti ebi ló ń dè é lọ́nà. Ìdajì wọn kì í rí ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó bá dúró sílé á pẹ́ láyé, bí àgbà bá sì kú, ó lè jogún ìtẹ́. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí kí n tó sùn. Abẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ìbéèrè sí: pípẹ́ láyé yẹn, kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Lóṣù tó kọjá, ejò gbé ìyá ẹyẹ náà mì lórí ẹyin. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, mo ní àkókò Olórùka Pupa dé. Mo gbàgbé pé bàbá rẹ̀ ló kù nídìí ìtẹ́. Ọmọ kì í sì í fẹ́ bàbá. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí abo àjèjì kan fò wá láti òdìkejì odi, bàbá rẹ̀ sì gbà á. Bí Olórùka Pupa bá gbé kòkòrò dé, àjèjì náà á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á wá fi ẹnu ṣá a lórí. Bàbá rẹ̀ ń wò. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá a lábẹ́ odi, ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Mo gé òrùka náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ni Bọ̀ọ̀dá wa wá kí Bàbá. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ díwọ̀n bí pálọ̀ ti fẹ̀ tó. Wọ́n ní bí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn á kó ẹrù àwọn wá síbí. Mo ní, "Èmi ńkọ́?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Ta ló fẹ́ lé ọ? Yàrá ẹ̀yìn rẹ ò kúkú lọ síbì kan. Ìyàwó mi náà á rí ẹni bá a wo ọmọ." Bàbá gbọ́. Wọ́n ń wo àjà. Ẹnu tí àìsàn kò rí mú yẹn, wọn ò là á.

Àbúrò mi, èmi ni mo pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá wa kú, n kò sì kà á sí gbèsè sí ọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Káfíńtà, tó ti ń bẹ̀ mí láti ọdún mẹ́fà pé kí n fẹ́ òun, ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Sátidé tó ń bọ̀ ló ń lọ, mo sì ti sọ fún un pé mò ń bá a lọ. Kò dá mi lójú pé ibẹ̀ á dára. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, n kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìdajì tí Ọ̀gá wa sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Jọ̀wọ́, wá. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ará ilé kejì wa, á dúró ti Bàbá di àárọ̀ Àìkú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọwọ́ ìwọ àti Bọ̀ọ̀dá. Jẹ́ kí oúnjẹ wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi apá ọ̀tún dùbúlẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́, a ní láti kọ ohun tó pa ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa ní kí n kọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ pé: ó dúró pẹ́ jù.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Ìyá Kékeré.