Ẹyẹ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tó Wà Lọ́rùn Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń ti ilẹ̀kùn dáadáa? Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, a kò ṣàìsàn, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń dún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ ní ilẹ̀kùn ló ń dún, kì í ṣe orúnkún. Kí Ẹlẹ́dàá má rán ohun tí yóò mú wa kígbe sí wa o.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé o rí lẹ́tà mi. Ìròyìn ayọ̀ ni. Mo tètè sọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ. Mo kọ́kọ́ fi fóònù pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin kan tó ń bá ọ gbé ló ń dáhùn, ó ní o kò sí nítòsí. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò fèsì, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Bí kò bá sí ohun tó ń ṣe é, jọ̀wọ́ bá a wí, kò bọ̀wọ̀ fágbà.

Ṣé o rántí àbàtà ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí o ti sọ bàtà ilé-ìwé rẹ nù? Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn méjì kan wá síbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ka ẹyẹ, ìkejì jẹ́ ayàwòrán tí ọ̀dà kún irùngbọ̀n rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló pa ẹni tó ń ka ẹyẹ pọ̀ mọ́ ẹni tó ń kun ògiri. Obìnrin náà ní ọdún mẹ́wàá lòun ti ń kọ̀wé lórí ẹyẹ àbàtà, bóyá lèèyàn mẹ́fà kà á, àwọn ẹyẹ sì ń tán lọ. Ayàwòrán ní òun náà ti ń ya ẹyẹ fún ọdún mẹ́wàá, àwọn èèyàn ń yìn ín, àfi ìgbà tí obìnrin yìí dé tó ní gbogbo orúnkún ẹyẹ òun ló kọjú sódì. Ni wọ́n bá fikùn lukùn. Mo ní òótọ́ ni, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya ẹyẹ àbàtà sí ògiri ilé wa tó kọjú sí títì, kí àwọn tó ń kọjá lè mọ ohun tó ń gbé ẹ̀yìn wa. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kalẹ̀. Awò ojú mi ti ṣẹ́ lápá kan, okùn ni ìyá rẹ fi so ó, ojú sì tì mí láti lọ gbé e wá níwájú àlejò. Mo fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀ láìkà á. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣe akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí!

Ọjọ́ mẹ́rin ni obìnrin náà fi ka àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn aláwọ̀ eérú yẹn. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ni ayàwòrán yà. Ó fẹ́ fi ẹyọ kan kún un nítorí igun ògiri kan ṣófo, obìnrin náà ní kí ó jẹ́ kó ṣófo bẹ́ẹ̀, pé ohun tí kò sí lábàtà kò ní sí lára ògiri. Wọ́n so àpótí kékeré kan mọ́ igi létí omi, wọ́n ní kámẹ́rà ni, ó máa ń dá ya ohunkóhun tó bá kọjá. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀, wọ́n sì lọ.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ọ̀rọ̀ wá yé mi. Ní ilé ìkẹ́rùsí, ohun tí a bá ti kà, tí a kọ sílẹ̀, tí o fọwọ́ sí, ọrùn rẹ ló wà, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí àwọn olùyẹ̀wò bá dé, wọn á tún un kà níṣojú rẹ. Ọ̀gá mi kan ta ilé rẹ̀ nítorí ṣọ́bìrì mẹ́rin. Mo wo ògiri, mo wo àbàtà. Ẹyẹ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìbuwọ́lù mi nìkan! Ilé yìí sì ni gbogbo ohun tí mo ní tí mo lè fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mo ń lọ kà wọ́n. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Bí mo bá kà wọ́n tán, mo máa ń dúró níwájú àpótí inú igi, mo máa ń ṣí fìlà, mo máa ń kí i, mo sì ń jábọ̀ fún un pé wọ́n pé. Ìyá rẹ ní èèyàn kì í kí igi. Mo ní kì í ṣe igi ni mo ń kí, ọ́fíìsì ni.

Ṣé o mọ aládùúgbò wa tó ń mọ búlọ́ọ̀kù? Ó ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sínú àbàtà láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé àga lọ, mo jókòó sójú ọ̀nà. Ó ní, háà, Bàbá Ọlọ́pàá Ẹyẹ, ṣé àwọn ẹyẹ yìí ló ń san owó ìfẹ̀yìntì yín ni? Mo ní bí ẹyọ kan bá fò lọ nítorí ariwo rẹ̀, ilé mi ti lọ nìyẹn. Ó wò mí, ó rí i pé omi ti lé sí mi lójú, ló bá yí kẹ̀kẹ́ padà. Òun gan-an ló wá ń lé àwọn mìíràn tó fẹ́ da ìdọ̀tí síbẹ̀ báyìí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo kà wọ́n, ọgbọ̀n ni mo bá. Mo tún un kà, ọgbọ̀n. Mo mú ìyá rẹ lọ, òun náà ka ọgbọ̀n. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. N kò lè wo ojú àpótí yẹn mọ́, mo bá fi fìlà mi bò ó lójú. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tó ń tì mí lójú. Mo mú ọ̀dà funfun tó ṣẹ́ kù nígbà tí a kun àjà, mo fi kun ẹyẹ kan lára ògiri rẹ́, kí ògiri àti àbàtà lè bára mu. Ọ̀dà náà tán kí n tó dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn méjì wá dá dúró lára ògiri, kò sí ara lórí wọn. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń dúró wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn méjèèjì padà dé. Mo ti di aṣọ sínú àpò, pẹ̀lú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, nítorí n kò mọ ibi tí wọn yóò mú mi lọ. Kí wọ́n tó kí mi tán, mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ ṣí fìlà, kò sí fìlà lórí mi, ó wà lórí àpótí. Ayàwòrán lọ wo ògiri, ó rí ẹsẹ̀ méjèèjì, ló bá jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sétí omi, ó fi awò tó máa ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni sí mi lójú. Ẹyẹ kan wà láàárín koríko gíga, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, orí ọmọ mẹ́ta sì yọ lábẹ́ apá rẹ̀. Kò sọnù rárá! Ẹyin ló ń sàba lé. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ní láti ọdún mẹ́wàá, òun kò rí kí ẹyẹ kankan pa ọmọ níbẹ̀, pé nítorí kò sí ẹni tó ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ mọ́ ni.

Ó wá ka fọ́ọ̀mù náà sí mi létí. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju pé mo gbà kí wọ́n kun ògiri mi. Mo ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Ọmọ mi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀ kúrò lórí mi. Mo jẹun lọ́jọ́ náà, mo bu kún un, mo sì sùn títí oòrùn fi yọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, ẹyẹ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Èmi ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, láràárọ̀. Àwòrán tó gbẹ̀yìn dúdú, inú fìlà mi ni. Ayàwòrán ti dá ẹyẹ tí mo pa rẹ́ padà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, igun tó ṣófo sì ti kún. Ó tún fẹ́ yà mí níbi tí mo ti ń jábọ̀, kí wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá kan ní ìlú yín lóṣù tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé ẹyẹ mi. Fọ́ọ̀mù mìíràn ti dé nìyẹn. N kò tíì fọwọ́ sí i. Ó wà nínú àpò ìwé yìí, kà á níwájú, kà á lẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé àwòrán náà kọ́, lọ bá mi wò ó bóyá wọ́n ya ibi tí mo ti lẹ ṣòkòtò.

Jọ̀wọ́ fi ìwọ̀nba owó ránṣẹ́ kí n fi ṣe awò ojú, nítorí obìnrin náà ti bẹ̀ mí pé kí n má dáwọ́ kíkà dúró. Ìyá rẹ ní kí n kọ èyí náà: pé mo ń ka ọmọ ẹyẹ láràárọ̀, ọmọ tí òun bí kò sì pé lójú òun láti ọdún méjì sẹ́yìn. Bàbá ara ògiri yẹn á ṣí fìlà fún ọ o, ṣùgbọ́n bí o bá kí i, kò ní dáhùn. Èyí tó ń dáhùn wà nílé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iye wa dín. Ọjọ́ tí a bá ń wá ọ̀kan nínú wa, orí ìtẹ́ la ó ti bá a, pẹ̀lú ọmọ lábẹ́ apá. Àṣẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.
(Mo ti ka gbogbo èyí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i.)