Àárọ̀ Ni Dókítà Máa Ń Rí Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tẹ́ ẹ wà, nítorí náà màá kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tẹ́lẹ̀: ẹ kú ìjókòó o. Inú ń bí mi, Bàbá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀ kí n tó máa sọ̀rọ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan níbí ní Ọ̀fà. Àwọn dókítà tí à ń kọ́kọ́ sáré lọ bá tí ara kò bá yá ni, kí wọ́n tó darí wa síbòmíràn. Dókítà obìnrin tó sọ orúkọ àìsàn yín fún wa n'Ílọrin ló ní kí n wá. Ó ní wọ́n kọ́ wọn ní àìsàn náà nílé ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, ẹni tí kò bá sì fojú rí i rí kì í rántí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí n má dárúkọ dókítà kankan. Ó ní tí mo bá ti nàka sí ẹnì kan, gbogbo wọn á di etí, wọ́n á máa gbèjà ara wọn. Mo gbà. N kò mọ̀ pé dókítà tó tọ́jú yín l'Ọ̀fà níbí náà máa wá.

Mo sọ fún wọn pé ládàánì ni yín ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa látìgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Tẹ́ ẹ bá pe ìrun Àsùbáà, ohùn yín á já gaara, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjàgbò. Nígbà tó bá fi máa di ìrun Ìṣáì, ohùn yẹn kan náà á máa gba imú jáde, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu yín, ìpéǹpéjú yín á sì ti wálẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ní Alhaji ti ń mutí.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí àbúrò yín, tí ìyá kan náà bí yín, wọlé wá bá yín? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ yanu, ẹ jẹ́ n gbóòórùn ẹ̀." Ẹ sì yanu. Àgbàlagbà tó ti lọ sí Mẹ́kà yanu fún àbúrò rẹ̀ bí ọmọ tí eyín ń dùn. Kò gbọ́ òórùn kankan, síbẹ̀ ó bá àwọn ará mọ́ṣáláṣí fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ yín. Títí dòní, tí mo bá rí i, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n eékún nìkan ló ń kí i.

Ẹ máa ń gbé orí sẹ́yìn kẹ́ ẹ lè ríran lábẹ́ ìpéǹpéjú, wọ́n ní ìgbéraga ni. Ẹ máa ń fi sẹ́lótéèpù lẹ ìpéǹpéjú ọ̀tún sókè kẹ́ ẹ lè ka ìwé ìròyìn, ẹ̀yin fúnra yín á tún máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ń fọwọ́ ti àgbọ̀n tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹran, títí tẹ́ ẹ fi kọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni jẹun mọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà tí ìjàkadì jẹ́ orò yín, ìpéǹpéjú lásán ló dá yín mọ́lẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò bá tètè dé ọsibítù kò ní rí dókítà. Tẹ́ ẹ bá ti kírun Àsùbáà tán ni ìyá mi máa ń gbé yín sínú kẹ̀kẹ́. Àárọ̀ ni dókítà máa ń rí yín, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sùn, tí iṣan yín ti sinmi, tẹ́ ẹ ti wẹ̀, tójú yín là kedere. Á wò yín tán, á ní, "Alhaji, ara yín le ju tèmi lọ. Màlérìà àti táífọ́ọ̀dù ni." Ìyá mi á ní, "Dókítà, ẹ ò tíì rí wọn nírọ̀lẹ́ ni." Á rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ́ rí pé kẹ́ ẹ padà wá nírọ̀lẹ́. Àwa náà ò sì mọ̀ pé ìgbà tẹ́ ẹ burú jù ló yẹ ká gbé yín lọ. A rò pé ó yẹ kéèyàn sinmi, kó tún ara ṣe, kó tó lọ síwájú dókítà.

Máyásitíníà lorúkọ àìsàn náà. Ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí iṣan, iṣan ò gbọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Béèyàn bá ṣe ń lo iṣan náà tó ló ń rẹ̀ ẹ́ tó, tó bá sì sinmi, á tún gbérí. Oògùn rẹ̀ wà. Ṣé ẹ gbọ́ mi, Bàbá? Oògùn oníhóró lásán. Àwọn oògùn kan sì wà tí kò yẹ kó kan ara ẹni tó bá ní in, kuiníìnì wà lára wọn. Abẹ́rẹ́ kuiníìnì ni dókítà Ọ̀fà gún yín, fún màlérìà tẹ́ ẹ ò ní. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ò lè gbé itọ́ mì, mímí di ogun. Nígbà tá a fi gbé yín dé Ìlọrin, orúkọ àìsàn nìkan ló kù tí wọ́n lè fún wa.

Ibẹ̀ ni mo sọ̀rọ̀ dé tí mo fi rí dókítà Ọ̀fà náà ní ìlà iwájú, tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Kò dá mi mọ̀, ìyá mi ló máa ń bá yín wọlé, ẹnu ọ̀nà ni èmi máa ń dúró sí; kò sì rántí yín nínú ọ̀rọ̀ mi. Ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú dókítà wo ló gún wọn ní kuiníìnì? Irú wọn ló ń bà wá lórúkọ jẹ́!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, Bàbá.

Orúkọ rẹ̀ dé ètè mi. Mo fẹ́ kójú tì í níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ojú ṣe tì yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yanu. Ẹ̀tọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀, bírò ṣì wà níbẹ̀, ó ń retí kí n máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé tí mo bá dárúkọ rẹ̀, á ju bírò yẹn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun làwọn èèyàn á tún lọ bá lọ́la. Mo ní, "N ò mọ̀ ọ́n, sà." Ó jókòó. Mo wá sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún yín: kó ní kí aláìsàn tẹjú mọ́ òkè díẹ̀, kó wò ó bóyá ìpéǹpéjú á wálẹ̀, kó bi í bó ṣe ń rí nírọ̀lẹ́, kó ní kó padà wá nírọ̀lẹ́ ọ̀hún. Ó kọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún ìyá mi. Ó ní, "O ta bàbá ẹ lọ́pọ̀." Ṣé òótọ́ ló sọ? Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ bá ṣe?

N kò dárí jì í o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo dárí jì í. Mo kàn fẹ́ kó dá àìsàn náà mọ̀ lọ́jọ́ tí bàbá ẹlòmíràn bá jókòó síwájú rẹ̀, láàárọ̀, tójú rẹ̀ là kedere.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tínú ṣì ń bí.