Abẹ́rẹ́ Kì í Ṣe Ẹran Ọbẹ̀

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Láti Abidjan níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín, ẹ̀yin àti Bàbá, àti Àǹtí Sìdí aránṣọ tó ń bá yín ka lẹ́tà yìí. Mo kọ ọ́ síta kí àwọn ìyá yòókù ní Ẹ̀jìgbò lè bá yín gbọ́ ọ.

Òjò ò dá níbí. Fíríìjì ni mo ń tún ṣe, iṣẹ́ tí pólì ò kọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Torí náà inú mi dùn nígbà tí Bùrọ̀dá Ràsákì ti ilé dé.

Ẹ rántí pé abẹ́rẹ́ kòrónà ò tó kárí. Wọ́n ní kí kálukú gba ẹyọ kan ná, kó lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo fara mọ́ ọn. Nígbà tí èkejì dé, tí kò pọ̀, wọ́n ní kí àgbàlagbà kọ́kọ́ gbà á, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée bíi tiyín. Mo pè yín. Ẹ ní ẹ ti gbà á, pé apá ń ro yín. Mo tiẹ̀ ní kí ẹ fi omi gbígbóná jó o.

Bùrọ̀dá ló tú àṣírí náà. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń jẹ àtíkẹ́ mi, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti ibí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnubodè ò gba ẹni tó gba ẹyọ kan, pé nígbà tó kàn yín, ẹ̀yin lẹ fa òun síwájú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kọ̀, ẹ bi í bóyá òun ló bá yín bí i. Mo bi Bùrọ̀dá pé ṣé òun ò lè kọ̀ ni. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ aláìgbọràn.

Láti kékeré, ẹran inú ọbẹ̀ yín, ọwọ́ wa ló ń já sí. Ẹ ó ní eyín ń dùn yín. A mọ̀ pé eyín ò dùn yín, a sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá tó gba abẹ́rẹ́ yín ò lè bá yín mí.

Ó dùn mí pé ó gbà á. Ó dùn mí jù pé ẹ fi apá tí ò ro yín tàn mí.

Mo gbọ́ pé òmíràn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ. Àǹtí Sìdí á tẹ̀lé yín, kò ní gbẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá gbà á tán, ẹ gbé fóònù fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má bínú, Ìyá mi, ẹnu rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ bá mi kí Bàbá, ará ilé, àti àwọn èèyàn wa ní Màsífà. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ẹ̀mí yín. Bùrọ̀dá ní kí n bá òun kí yín. Ẹ dúró dè é, kó wá kí yín fúnra rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Múfútàù