Koríko Nínú Òjò Dídì

                                        Ilé Àlejò Orí Òkè,
                                        Ayt Wargan.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejì, 2019.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àti Tuda kékeré tó ń yọ eyín? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọkọ mi ń kí ọ, òtútù ibí náà sì ń kí ọ. Òpó tẹlifóònù wó láti ọjọ́ Àìkú, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Baha, mo gbọ́ pé o fẹ́ kó àlejò mẹ́fà gba orí òkè wá bá wa ní ọjọ́ Sátidé. Jọ̀ọ́, má gba ibẹ̀. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni kí o gbà. Mo mọ̀ pé wàá ní Itto ti tún gbé ìfura rẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé e dé. Ìfura loògùn àgbà.

O ṣáà mọ àṣà wa. Ẹni tó bá lọ wo ọ̀nà láàárọ̀ gbọ́dọ̀ bu òjò dídì orí òkè sínú garawa, kó gbé e sẹ́nu ọ̀nà wa, kí àwọn afinimọ̀nà fọwọ́ kàn án. Bí ó bá fọ́ bí ìyẹ̀fun, wọn á máa lọ. Bí ó bá le bí gíláàsì, oníkálukú á jókòó sílé. Addi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ mẹ́rin tí tiẹ̀ ń fọ́ bí ìyẹ̀fun, nígbà tí omi inú kẹ́tù mi ń dì kí n tó dáná. Mo kàn ń wò ó ni. Bàtà rẹ̀ gbẹ. Irùngbọ̀n rẹ̀ náà gbẹ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá tòkè yẹn bọ̀ a máa gbé yìnyín bọ̀ nínú irùngbọ̀n.

Lánàá, mo fẹ́ fi èyí tó wà nínú garawa se tíì, ni mo bá rí koríko ọkà báálì nínú rẹ̀. Koríko! Níbi tí ewúrẹ́ pàápàá kì í dé! Mo mú un lọ bá Addi níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì.

"Bàbá Rqiya, ta ló ń bọ́ ìbaaka lórí òkè?"

"Ìyàwó wa, atẹ́gùn ló gbé e lọ."

"Atẹ́gùn tó gbé koríko dókè, kò wá rí fìlà yín gbé?"

"Ṣé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọlọ́pàá nílé yìí ni? Gbé tíì wá, jàre!"

N ò gbé tíì kankan. Mo jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó ká ṣòkòtò sókè, mo sì rí orúnkún rẹ̀ tó wú bí elégédé. Ní ọjọ́ Alámìísì tó kọjá ni yìnyín yọ̀ ọ́ ṣubú níbi tí ọ̀nà ti tóóró bí ẹ̀yìn ìbaaka. Àáké rẹ̀ tó gbá mọ́lẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó re ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù òkè ti ń bà á, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Ẹ̀yìn ilé ìbaaka wa ló ti ń bu òjò dídì. Ó ní, "Má sọ fún wọn, jọ̀ọ́. Kí ni wọ́n á máa pè mí?" Àánú rẹ̀ ṣe mí, Baha, inú sì bí mi. Ọpẹ́ ni pé kò tíì sí àlejò kankan tó gbéra.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi so irin eléyín mọ́ bàtà, ó gòkè lọ, ó sì yí padà kó tó dé ibi tóóró náà. Mo fi ṣíbí gbá ohun tó bù bọ̀, ó dún bí ìkòkò. Mo ti sọ fún gbogbo ilé.

Addi fúnra rẹ̀ ló gun ìbaaka gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ mú lẹ́tà yìí wá. Mo ní kó fẹnu ara rẹ̀ rò ó fún ọ. Ìgbà tó bá rò ó tán ni kí o tó fún un ní tíì.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì fẹnu ko Tuda lẹ́nu fún mi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, Baha, o ti ṣèlérí ọ̀nà ìsàlẹ̀ fún mi rí, tí o sì gba orí òkè yọ. Ẹrẹ̀ pupa etí odò tó wà lọ́nà ìsàlẹ̀ yẹn, kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ Sátidé, kí o tó dì mọ́ mi, gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè kí n kọ́kọ́ wo bàtà rẹ. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í tètè gbàgbọ́,
Itto.